Ẹ̀pà tí mo rẹ kó lè hù ló ń fà bí ewédú yìí o, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

ỌmọÌyàrà
Òkun o gbogbo ilé. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Mo wo fídíò kan lórí YouTube, òyìnbó obìnrin kan ló rẹ álímọ́ńdì mọ́jú, ó da omi ẹ̀ nù, nígbà tó fi máa di ọ̀túnla nǹkan funfun kékeré kan ti ń yọ lẹ́nu ẹ̀, ló bá ń jẹ ẹ́ kàràkàrà, ó ní báyẹn ló ṣe ń rọ inú lọ́rùn ju èyí tí wọn ò rẹ lọ. Èmi náà ní ó dáa, ta ló ń ra álímọ́ńdì ní Ìyàrà níbí, ẹ̀pà la ní. Mo bu ìlàjì múdù ẹ̀pà tí wọn ò tíì yan, mo dà á sínú abọ́ rọ́bà tó ní ìdérí, mo bomi sí i, mo dé e pa, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù. Ọjọ́ kejì mo lọ Kàbà, mi ò padà dé títí di alẹ́ ọjọ́ kẹta. Ẹ̀yin èèyàn mi, nígbà tí mo ṣí i, òórùn yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ lé mi jáde, omi ẹ̀ ti funfun bí omi ògì, ó ń ru fòfò, tí mo bá fi ìka kàn án ó ń fà bí ewédú. Àmọ́ àwọn kan nínú ẹ̀ ti hù lóòótọ́ o!

Ìbéèrè mi rèé: tí mo bá ṣàn án dáadáa tí mo wá dín in, ṣé ó ṣì ṣeé jẹ? Owó ni mo fi rà á. Ìkejì, nínú nǹkan tó wà nílé wa, ọkà bàbà wà, kajú tí bàbá mi kó wálé látoko wà, ẹ̀wà wà, ẹ̀gúsí wà, èwo lèèyàn lè mú hù jẹ nínú wọn?

ÌyáỌlọ́kà_Kàbà
Òkun ọmọ mi. Dà á nù. Má dín in, má yan án, má dà á fún adìẹ pàápàá.

Ìwọ ò mú un hù, ńṣe lo rì í sómi. Nǹkan tó fẹ́ hù máa ń mí ni, bí èmi àtìwọ ṣe ń mí, tó o bá wá fi sábẹ́ omi ọjọ́ mẹ́ta tó o tún dé e pa, ó ti kú, ìdíbàjẹ́ ló kù tó ń ṣẹlẹ̀ sí i. Rírẹ ọ̀tọ̀, híhù ọ̀tọ̀. Alẹ́ kan péré ni rírẹ, ilẹ̀ mọ́, omi kúrò ńlẹ̀, ó wá kù kó máa tutù láìjẹ́ pé omi dúró lábẹ́ ẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ òde òní lẹ rò pé òyìnbó ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ọtí ọkà ni ìyá mi pọ̀n tó fi tọ́ wa. Tí wọ́n bá fẹ́ pọntí, wọ́n á rẹ ọkà bàbà pupa nírọ̀lẹ́, tó bá di àárọ̀ ọjọ́ kejì wọ́n á kó o sínú apẹ̀rẹ̀ ńlá tí wọ́n ti fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tẹ́ nínú, omi ẹ̀ á máa ro tó, tó, tó sílẹ̀. Wọ́n á fi ewé bò ó lórí. Láàárọ̀ àti lálẹ́ wọ́n á wọ́n omi sí i díẹ̀, wọ́n á sì fọwọ́ tú u, torí inú ẹ̀ máa ń gbóná, tó o bá ki ọwọ́ bọ àárín ẹ̀ wàá rò pé ọmọ ọwọ́ ló sùn síbẹ̀. Ọjọ́ tí wọn ò bá tú u, gbòǹgbò ẹ̀ á so kọ́ra, odindi ẹ̀ á ṣeé gbé lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹní, àárín ẹ̀ á sì ti bu. Èmi ni wọ́n máa ń rán láti tú u, mo kórìíra iṣẹ́ yẹn! Tó bá fi máa di ọjọ́ kẹta sí ìkẹrin gbòǹgbò ẹ̀ á ti gùn, wọ́n á sá a sórí àpáta tó ti gbóná, ó di gbígbẹ kí wọ́n tó lọ̀ ọ́.

Nítorí náà ṣe ẹ̀pà rẹ bẹ́ẹ̀, asẹ́ ni kó o lò, má lo abọ́ onídèérí.

ỌmọẸ̀gbẹ́_Abùjá
Ẹ kú ìtọ́jú mà. Ọkà tó hù yẹn, ṣé èèyàn lè jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀ láìsè? Àwọn kan wà ní Abùjá níbí tó ń da oríṣiríṣi nǹkan tó hù sórí sàláàdì, mo rò pé tí mo bá lo ọkà bàbà tiwa owó á dín kù.

Akẹ́kọ̀ọ́Ọ̀gbìn
Bọ̀ọ̀dá ẹ má dán an wò o. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ọ̀gbìn tó wà ní Kàbà ni mo lọ, mo sì ń dáko ọkà bàbà títí di ìsinsìnyí. Hóró ọkà gbígbẹ kò ní wàhálà kankan. Àmọ́ tó bá ti ń hù, èéhù ẹ̀ àti gbòǹgbò ẹ̀ á ní nǹkan kan tí wọ́n ń pè ní dhurrin, tí eyín bá ti fọ́ ọ, cyanide ló ń jáde lára ẹ̀, irú èyí tó wà nínú gbágùúdá tútù gan-an, èyí tó mú ká máa rẹ fùfú ká sì máa fún gààrí kí omi ẹ̀ lọ. Ẹ bi àwọn Fúlàní tó ń da ẹran, wọn ò ní jẹ́ kí màlúù wọn wọ oko ọkà bàbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀, pàápàá tí ọ̀dá bá ti dá a dúró. Màlúù tó jẹ ẹ́ yó lè ṣubú kó má dìde mọ́.

Ohun tó ń yọ ọlọ́tí wa ni pé wọ́n ń sá a, wọ́n ń lọ̀ ọ́, wọ́n tún ń sè é fún ọ̀pọ̀ wákàtí, cyanide kì í sì í dúró níbi tí ooru bá wà, ó ń bá ooru lọ ni. Ti ọkà bàbà ni mò ń sọ o, ẹ má wá sọ pé mo ní kẹ́ ẹ má jẹ ẹ̀wà tó hù.

ÌyáỌlọ́kà_Kàbà
Háà. Ìyá mi máa ń fi ọwọ́ méjèèjì ra á lẹ́yìn tó bá gbẹ, gbogbo gbòǹgbò yẹn á já, wọ́n á wá fẹ́ ẹ dànù lórí àtẹ kí wọ́n tó gbé e lọ sẹ́nu ẹ̀rọ. Wọ́n ní kí ọtí má bàa korò ni. Èmi náà ti fi ìdí korò yẹn kọ́ àwọn ọmọ mi. Ṣé torí èyí tó o sọ yìí náà ni?

Akẹ́kọ̀ọ́Ọ̀gbìn
Torí ẹ̀ náà ni mà. Inú gbòǹgbò àti èéhù yẹn ló pọ̀ sí jù. Òótọ́ ni pé ó korò, nǹkan tí wọ́n fi ahọ́n mọ̀ ni ìwé wá fún lórúkọ.

BàbáKajú
Ọmọ Ìyàrà, òkun o. Jọ̀ọ́ má ka kajú oko yẹn mọ́ nǹkan tí èèyàn ń rẹ. Oko kajú ni mo ń jẹ nínú ẹ̀, ohun tójú mi rí ni mò ń sọ. Epo dúdú kan wà nínú èèpo kajú, ó ń jó awọ ara bí omi bátìrì. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí mo fi eyín fọ kajú tútù lábẹ́ igi, ètè mi wú bí ti ẹni tí oyin ta, awọ ẹ̀ bó fún ọ̀sẹ̀ kan, àpá ẹ̀ ṣì wà létí ẹnu mi, irùngbọ̀n ni mo fi ń bò ó. Rírẹ nínú omi ò lè mú epo yẹn kúrò láéláé, iná nìkan ló gbọ́ èdè ẹ̀, èéfín ẹ̀ pàápàá kò dáa lójú, ìta gbangba ni kẹ́ ẹ ti yan án.

Kajú funfun tí wọ́n bó, tí wọ́n dì sínú ike, tí wọ́n wá kọ pé kò tíì yan, ẹ má jẹ́ kí ìyẹn tàn yín. Wọ́n ti fi ooru sè é kí wọ́n tó fọ èèpo ẹ̀, kò lè hù mọ́, ẹ ì báà rẹ ẹ́ títí Kérésì. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá rẹ ẹ́ fún bíi wákàtí méjì sí mẹ́rin ó máa ń rọ̀ dáadáa, ẹ lè lọ̀ ọ́ ní bẹ́lẹ́ńdà bíi mílíìkì tàbí kẹ́ ẹ dà á sọ́bẹ̀. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀.

Mọ̀pà4Life
Ṣé mo lè sọ tèmi? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wo fídíò yìí, àwọn ará Amẹ́ríkà fúnra wọn, álímọ́ńdì wọn kì í sábà hù dáadáa mọ́. Láti 2007 ni òfin ti dé pé álímọ́ńdì Kalifọ́níà gbọ́dọ̀ gba ìtọ́jú tó ń pa kòkòrò àrùn kó tó dé ọjà wọn níbẹ̀, torí Salmonella tó tinú ẹ̀ jáde ní 2001 àti 2004. Wọ́n ṣì lè kọ raw, ìyẹn pé kò tíì yan, sára ẹ̀. Nítorí náà tí ọ̀pọ̀ èyí tẹ́ ẹ rà bá rẹ tí kò hù, kì í ṣe ọwọ́ yín ló burú.

Ẹ̀wẹ̀, ẹ má lọ mú hóró inú frúùtù tó ń já bọ́ lábẹ́ igi ọgbà ilé ìwé kẹ́ ẹ ní álímọ́ńdì ni o. Wọ́n ń fi orúkọ yẹn pè é lóòótọ́, ó dùn, mo fi òkúta fọ́ ọ jẹ dàgbà, àmọ́ igi ọ̀tọ̀ ni.

Ìyẹn náà tún mú mi rántí, gbogbo ìlérí tí wọ́n ń ṣe pé tí o bá ti rẹ ẹ̀pà mọ́jú gbogbo èròjà inú ẹ̀ á tú sílẹ̀, àsọdùn wà nínú ẹ̀. Nǹkan kan wà tí wọ́n ń pè ní phytate tó ń di irin àti zinc mú kí ara má ráyè gbà á. Rírẹ lásán kì í fi bẹ́ẹ̀ dín in kù nínú ẹ̀pà àti álímọ́ńdì. Nínú ọkà àti ẹ̀wà ni ẹ ti máa rí ìyàtọ̀, pàápàá tó bá hù tàbí tó bá kan bí ògì. Tó bá jẹ́ pé ó rọ̀ yín lẹ́nu, tó sì dùn yín lẹ́yìn rírẹ, ìyẹn nìkan ti tó ìdí láti rẹ ẹ́ jàre.

Nọ́ọ̀sì_Lọ́kọ́ja
Ẹ kú ọ̀rọ̀. Mo ti ń kà á bọ̀ láti òkè. Àǹtí wa Ìyàrà, mo bá Màmá wí i, ẹ dà á nù. Ẹ̀pà wà lára nǹkan tó tètè máa ń bu, èbu aláwọ̀ ewé tó máa ń hù lára ẹ̀ ń pọ májèlé kan tí wọ́n ń pè ní aflatoxin, ẹ̀dọ̀ ló ń bá jà, omi ò lè ṣàn án kúrò, dídín ò lè pa á tán. Torí ẹ̀ ni Màmá ṣe ní kẹ́ ẹ má fún adìẹ.

Ohun tó kàn mí ni jíjẹ nǹkan tó hù láìsè. Ibi tó móoru, tó ní ọ̀rinrin, tí kò sí oòrùn, ibi tí hóró ti ń hù nìyẹn, ibẹ̀ náà ni kòkòrò àrùn ti ń bí sí i. Ní Jámánì ní 2011, irúgbìn kan tí wọ́n ń mú hù jẹ, tí wọ́n ń pè ní fenugreek, ni kòkòrò E. coli gbà wọlé, ó ju 3,800 èèyàn lọ tó ṣàìsàn, ó lé ní 50 tó kú. Jámánì o, níbi tí iná kì í ti í lọ. Èmi nílé mi, nǹkan tó bá hù, mo ń bọ̀ ọ́ lómi gbígbóná tàbí kí n dà á sọ́bẹ̀ nígbà tó ṣẹ́kù díẹ̀ kí n sọ ọ́ kalẹ̀. Aboyún, ọmọ ọwọ́, àgbàlagbà, ẹni tára ẹ̀ ò yá, kí wọ́n má jẹ ẹ́ ní tútù rárá.

Ti ẹ̀wà ńkọ́. Ẹ̀wà olóyin, ẹ̀wà funfun, drum, wọ́n ń hù láàárín ọjọ́ méjì, kò sí wàhálà tẹ́ ẹ bá sè é. Èyí tó pupa tó tóbi bíi kíndìnrín yẹn, èyí tí wọ́n ń tà ní súpámákẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ní májèlé, híhù ò tó o, ẹ rẹ ẹ́ ó kéré tán wákàtí márùn-ún, ẹ da omi yẹn nù, kẹ́ ẹ wá fi omi tuntun sè é kó hó gidi ní ìlàjì wákàtí kẹ́ ẹ tó dín iná ẹ̀ kù. Awùjẹ̀ náà, ẹ má jẹ ẹ́ ní tútù. Sóyà náà gbọ́dọ̀ jiná, bó hù bí kò hù.

Akẹ́kọ̀ọ́Ọ̀gbìn
Nọ́ọ̀sì ẹ ṣé, ẹ jẹ́ kí n fi kan kún un, torí ó ti ṣẹlẹ̀ níṣojú mi. Irúgbìn tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù àgírò, tí àwọ̀ ẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú tàbí tó dà bí ẹni pé wọ́n fi aró pa á, gbígbìn ni wọ́n fi òògùn pa á fún, kì í ṣe jíjẹ, kò sí bí èèyàn ṣe lè ṣàn án. Obìnrin kan lágbègbè wa rí èyí tó ṣẹ́kù nígbà tí wọ́n gbìn tán, ó ní kò yẹ kó ṣòfò, ó fi se ẹ̀gbo. Ọpẹ́lọpẹ́ ọkọ ẹ̀ tó wọlé bá a.

Ẹ̀wà ọjà pẹ̀lú, ẹ mọ ọwọ́ ẹni tẹ́ ẹ ti ń rà. Àwọn kan ń da òògùn kòkòrò sínú àpò ẹ̀wà kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́. Nítorí dichlorvos tí wọ́n bá lára ẹ̀ ni European Union fi ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà gbígbẹ wa láti 2015. Mo ń fi ata gbígbẹ àti eérú tọ́jú tèmi nínú gálọ̀ọ̀nù tí mo dé pa, èyí tí mo bá fẹ́ mú hù, inú ẹ̀ ni mo ti ń bù.

ÌyáElẹ́pà_Ìsánlú
Ẹ̀pà ni mò ń tà, ọjọ́ kẹtàlélógún rèé tí mo ń mú ẹ̀pà hù fún ọkọ mi torí eyín ẹ̀ tó ń yẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe ń ṣe é kí ọmọ yìí má tún ba òmíràn jẹ́. Ẹ̀pà tuntun ni kó o lò, èyí tó o bó fúnra ẹ, nítorí tí ẹ̀pà bá ti pẹ́ níta èèpo kì í hù mọ́. Tẹ́ ẹ sórí àtẹ kó o ṣà á lọ́kọ̀ọ̀kan: èyí tó hunjọ kó lọ, èyí tó dúdú kó lọ, èyí tó bá ti là sí méjì náà kò wúlò fún híhù, nítorí wo ṣóńṣó ẹ̀, nǹkan kékeré bí ẹnu ẹyẹ tó wà láàárín àlàfo méjèèjì yẹn ni ọmọ tó fẹ́ bí, tó bá ti là ó ti já.

Lẹ́yìn tó o bá ṣàn án, rẹ ẹ́ láti aago mẹ́wàá alẹ́ sí aago mẹ́fà àárọ̀, má jẹ́ kó kọjá bẹ́ẹ̀. Da omi nù, ṣàn án títí omi á fi mọ́. Dà á sínú asẹ́ tí wọ́n fi ń sẹ́ ògì, gbé asẹ́ yẹn lé abọ́ kí afẹ́fẹ́ lè máa gba abẹ́ ẹ̀ kọjá, fi aṣọ funfun tó tutù bò ó. Ẹ̀ẹ̀mẹta lójoojúmọ́ ni mo ń ṣàn án, lọ́jọ́ tí ooru bá mú gan-an ẹ̀ẹ̀mẹrin. Omi mímu ni mo fi ń ṣàn án o, omi kànga ló kọ́kọ́ bà á jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Lọ́jọ́ kejì wàá rí i tí awọ pupa ẹ̀ ń ya, ṣóńṣó funfun ń yọ, nígbà tó bá gùn tó èékánná ìka kékeré, mo ti ń gbé e sí inú ìkòkò nìyẹn, bọ̀ ọ́ díẹ̀ pẹ̀lú iyọ̀, ó máa ń dùn ju ẹ̀pà sísè lásán lọ, ó ní adùn kan bíi ti àgbàdo tútù. Tó bá kù, fíríìjì, ọjọ́ méjì. Tí iná ò bá sí, má ṣe ju èyí tẹ́ ẹ máa jẹ tán lóòjọ́ lọ. Èyí tó bá ti ń rùn tàbí tó ń yọ̀ níbi kankan, má tọ́ ọ wò.

ỌmọẸ̀gbẹ́_Abùjá
Màmá Ìsánlú, ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni ófíò? Ìyàwó mi fẹ́ràn kunu ẹ̀.

ÌyáElẹ́pà_Ìsánlú
Ófíò kì í ṣe hóró ọmọ mi, iṣu kékeré ni, abẹ́ ilẹ̀ ló ń ta sí. Kò nílò kó hù. Rẹ ẹ́ ọjọ́ kan sí méjì kó wú, kí ìhunjọ ara ẹ̀ nà, pààrọ̀ omi ẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́, lọ̀ ọ́ pẹ̀lú dàbínù àti àgbọn. Tó bá ti ń yọ ẹnu, dídùn ẹ̀ ti ń lọ nìyẹn. Ẹ̀gúsí tí wọ́n ti bó náà, ẹ má da ara yín láàmú, kì í sábà hù, ọbẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi sè.

ÌyáỌlọ́kà_Kàbà
Mo tún rántí ohun kan. Ọkà híhù yẹn, tó bá gbẹ tí a ra gbòǹgbò ẹ̀ tí a lọ̀ ọ́ kúnná, a máa ń fi ṣíbí kékeré kan sínú ògì ọmọ tó bá ki jù, láìpẹ́ ògì yẹn á là, á máa ṣàn, láìjẹ́ pé a bomi lé e. Ògì líle tó ní agbára nínú, ọmọ á sì lè gbé e mì. Nọ́ọ̀sì ẹ gbọ́, ṣé ó dáa?

Nọ́ọ̀sì_Lọ́kọ́ja
Ó dáa púpọ̀ mà. Híhù ló ń fún ọkà ní nǹkan tó ń tú sítáàṣì ká. Ẹ ṣáà rí i pé lẹ́yìn tó bá là tán, ẹ tún gbé e padà síná kó hó dáadáa kí ọmọ tó mu ún.

ỌmọÌyàrà
Ẹ ṣé gan-an ni, Òkun. Mo ti da àkọ́kọ́ yẹn sínú ihò, mo sì da ilẹ̀ lé e kí adìẹ àwọn ará ilé kejì má bàa dé bẹ̀. Bàbá mi ti fi àpò kajú sórí àjà lẹ́yìn tí mo ka ti BàbáKajú fún wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní àwọn náà ní àpá. Mo ra ẹ̀pà tuntun láàárọ̀ yìí, mo ti bó o, mo ti ṣà á. Nínú múdù kan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdámẹ́rin tó là sí méjì. Màmá Ìsánlú, ṣé mo lè yan àwọn èyí tó là yẹn, àbí kí n fi ṣe kúlíkúlí?

ÌyáElẹ́pà_Ìsánlú
Yan án. Kúlíkúlí ń fẹ́ ju ìyẹn lọ. Ṣó o ti rí asẹ́?

ỌmọÌyàrà
Asẹ́ ògì ìyá mi ni mo gbé. Wọn ò tíì mọ̀.